Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá olórin: ta ló dá orin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbà sílẹ̀ yìí?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ń darí ẹgbẹ́ jùjú, fújì, àpàlà, àti ẹgbẹ́ yòówù tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀,

Ẹ kú òde, ẹ kú àìsùn ọjọ́ Sátidé, ẹ sì kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan nínú yín jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí mo lùlù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. "Ẹ" náà ni n ó máa fi bá gbogbo yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ra gìtá mẹ́ta, tó ra gbohùngbohùn, tó tún ń bọ́ èèyàn méjìdínlógún nínú bọ́ọ̀sì kan, ó tó ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ì báà ṣe ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Onígángan ni mí. Láti 1979 títí di 1990 ni mo fi lu gángan fún ọ̀gá olórin jùjú kan n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti lọ sílé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń kí mi dáadáa, bí wọ́n bá sì ní ìnáwó, wọ́n máa ń fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí mi lọ́fẹ̀ẹ́. Èjìká mi ò gba ìlù mọ́ báyìí. Awọ ni mo ń bá àwọn tó ṣì ń lù fi sí ìlù wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ló sì mọ ilé mi.

Ohun tó mú mi mú bírò nìyí. Ọmọ mi ọkùnrin náà ń lu gángan, nínú ẹgbẹ́ fújì kan. Lóṣù tó kọjá ó gbé fóònù wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí n gbọ́ àwo tuntun tí wọ́n ṣe. Mo gbọ́ ọ. Níbì kan láàárín orin kẹta, gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́, gángan nìkan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn elégbè sì gba ohun tí gángan sọ, wọ́n fi kọrin títí orin fi parí. Ibẹ̀ gan-an lorin náà wà. Ọmọ mi ní inú bọ́ọ̀sì lòun ti rí i, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, tóun ń fi ìka lù ú sára àga. Ó wá tẹ ibì kan lójú fóònù, orúkọ àwọn tó ṣe orin náà yọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin: ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó dá orin: ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó tò ó: ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàámi, ọ̀gá wa ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé gángan kọ́ apá." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò rí oorun sùn.

Àwọn oníròyìn máa ń bi yín pé báwo lẹ ṣe ń kọ orin. Ẹ sì máa ń dáhùn pé ìmísí ni, pé láti òkè ló ti ń wá. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkè yẹn, èmi náà máa ń jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìdánrawò, lẹ́yìnkùlé ọ̀gá, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá á mú ìlà kan wá, nígbà míì ìlà kan ṣoṣo, èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ní bánkì tàbí èyí tí inú fi ń bí i sí ọ̀tá rẹ̀. Á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ta gìtá á máa wá ìdáhùn sí i, á máa ta á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Àwọn elégbè á máa wá ibi tí wọn ó ti wọlé. Èmi kì í tètè lù. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ná, nítorí iṣẹ́ onígángan nínú ẹgbẹ́ ju kó máa lù lọ: òun ló ń mọ̀ bí orin bá ń parọ́ mọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun tí mò ń sọ yé yín. Èdè wa ò gbà kéèyàn gbé ohùn gba ibi tó bá wù ú. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa dé pẹ̀lú orin ìdúpẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Peugeot 504. "Ọkọ̀ mi ti dé, ẹ wá bá mi yọ̀." Orin náà dùn. Àmọ́ ibi tí ohùn gbé "ọkọ̀" sí, kò lọ sílẹ̀ tó; ó dúró láàárín. Bí mo ṣe fi gángan tẹ̀ lé e, ohun tí ìlù sọ ni pé ọkọ mi ti dé. Ọ̀gá wa, pẹ̀lú irùngbọ̀n yẹn, ọkọ rẹ̀ ti dé, ká wá bá a yọ̀! Àwọn elégbè dojú bolẹ̀. Ó bínú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ìlù sọ ọ́ bó ṣe yẹ, òun sì fi ẹnu tẹ̀ lé ìlù. Ohùn tó wà nínú àwo títí dòní, ohùn tí ìlù fún un ni. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá ò ní onígángan nídìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn fi ń pe ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ìyẹn kéré. Èyí tó dùn mí nìyí.

Ọ̀gá ní orin kan tó fẹ́ràn gan-an, tó ń gba àwọn tó ń sáré lé owó nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára, òwe wà níbẹ̀. A kọ ọ́ lóde fún oṣù méjì, kò sẹ́ni tó jó o. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn á lọ jẹun. Nígbà tó yá, a lọ ṣe òkú ní Mọ́níyà, lóṣù kẹsàn-án 1982. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, gbogbo agbolé ti di ẹrẹ̀. Bí a ṣe wà lórí orin yẹn ni jẹnẹrétọ̀ kú. Gìtá dákẹ́, gbohùngbohùn dákẹ́, òkùnkùn bolẹ̀. Ẹ mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀: bí ẹgbẹ́ bá dákẹ́ pátá, òde ti tú nìyẹn. Èmi àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò dúró. Mò ń wo àwọn obìnrin tó ń ru abọ́ ìrẹsì kọjá pẹ̀lú àtùpà, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń di ara wọn mú. Mo bá fi gángan sọ fún wọn pé, "Rọra, rọra, ilẹ̀ ń yọ̀." Wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá alásè kan, abọ́ lórí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi orin dá ìlù lóhùn: rọra, rọra, ilẹ̀ ń yọ̀ o. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbè é. Àwọn elégbè tiwa gbà á lẹ́nu wọn. Ọ̀gá, tí kò ní gbohùngbohùn lọ́wọ́ mọ́, gbà á lẹ́nu elégbè, ó sì so ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn: ẹni tó ń sáré lé owó, rọra, rọra. Nígbà tí iná fi dé, gìtá ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn èèyàn jó o títí ilẹ̀ fi mọ́, nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí a máa lọ gba àwo sílẹ̀ l'Ékòó ní 1983, orin yẹn ló gba ojú kìn-ín-ní látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn páálí àwo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo orin wọ̀nyí, ọ̀gá ló dá wọn. Àwòrán wa wà níwájú páálí, gbogbo wa nínú aṣọ àǹkárá kan náà, mo wà lápá òsì, orí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bo ìdajì ojú mi.

Ta ló dá orin yẹn? Bí mo bá ní èmi ni, irọ́ ni. Ọ̀gá ló mú òwe wá, ló mú ìtàn wá, òun lòde ń wá wò. Onígìtá ló rí bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ohùn àkọ́kọ́ bọ́ sí èyí tuntun láìfi ẹsẹ̀ kọ. Ká má tiẹ̀ parọ́, ìyá alásè Mọ́níyà yẹn náà ní ìpín, òun ló kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé kì í ṣe ẹnì kan.

Mo ti ronú sí ìdí tó fi rí báyìí lọ́dọ̀ wa, mo sì rò pé gígùn àwo wà lára rẹ̀. Nígbà tí Túndé King ń gba orin jùjú sílẹ̀ fún Parlophone ní 1936, àwo 78 ni, ojú kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Èèyàn kan lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò tiẹ̀ sí gángan nínú jùjú nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló wọlé. Nígbà tí élípíì, àwo gígùn, dé, tí ojú kan di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àwọn bíi Ebenezer Obey àti Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú kan láìdúró: ẹ kí, ẹ ṣàdúrà, ẹ ki olówó, ẹ pa òwe, kí ìlù sì wá gba ilẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú! Kò sí ẹnu ẹnì kan tó lè kún un. Àwa ìlù àti gìtá la kún un. Bí àwo ṣe ń gùn sí i ni ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ń pọ̀ sí i nínú orin dídá, àmọ́ ìlà tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lẹ́yìn páálí kò fẹ̀ sí i.

Sítúdíò tún mú un le. Téèpù wọ́n, wákàtí sítúdíò wọ́n, nítorí náà a ti gbọ́dọ̀ mọ orin tán kí á tó dé ibẹ̀. Gbogbo wa wọ yàrá kan, iná pupa tàn, a lu ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ẹni tó ń lu agogo sín. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó rò pé inú sítúdíò lorin ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún wa, òde ni wọ́n ti ń kọ àwo, sítúdíò kàn jẹ́ ibi tí a ti lọ dà á kọ ni. Ẹni tó bá sì wà lóde yẹn lálaalẹ́, tó ń gbìyànjú ohun kan tó ṣiṣẹ́, tó ń gbìyànjú òmíràn tí kò ṣiṣẹ́, ó wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la ní ìṣòro yìí. Fẹlá, gbogbo ayé mọ̀ pé kò fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́: òun ló ń fi ẹnu kọ ohùn fèrè fún onífèrè, ohùn gìtá fún onígìtá, títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á lù ú ní Ṣáráìnì, ilé ijó rẹ̀, fún oṣù púpọ̀, bí wọ́n bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, Fẹlá ò ní fẹ́ lù ú lóde mọ́. Ṣùgbọ́n Tony Allen tó ń lu dírọ́ọ̀mù fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ìlù tirẹ̀. Ẹ bá mi yọ ìlù yẹn kúrò nínú Afrobeat, ẹ wò ó bóyá ohun tó kù lè rìn dé ìta. Nígbà tí Tony Allen fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1979, ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ wà nídìí rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Ní 1982, Sunny Adé ṣe àwo fún Island, ilé-iṣẹ́ àwo òyìnbó. Lomé ní Tógò ni wọ́n ti gbà á, Martin Meissonnier, ará Faransé, ló darí ẹ̀. Wọ́n gé orin gígùn kéékèèké, wọ́n jẹ́ kí ìlù àti gìtá onírin, èyí tí òyìnbó ń pè ní steel guitar, sún síwájú. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá onírin yẹn. Nígbà tó ṣe, Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, ń ṣe àwo Graceland tó jáde ní 1986, ó sì pe Démọ́lá kó wá ta gìtá sí orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà gan-an. Ẹ ra àwo yẹn, orúkọ ọmọ Yorùbá ẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ta.

Bí Simon ṣe ṣe àwo yẹn ló wù mí kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ó lọ sí Johannesburg ní 1985, ó ní kí àwọn olórin ibẹ̀ máa ṣe tiwọn, ó gbà á sílẹ̀, ó gbé e lọ sílé, ó sì wá kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìyẹn ni pé ìlù ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi jáde, orin tó bẹ̀rẹ̀ àwo náà, orúkọ Forere Motloheloa, atẹ-dùùrù-ọwọ́ (accordion) láti Lesotho, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Simon bí ẹni tó jọ dá a. Joseph Shabalala, olórí ẹgbẹ́ akọrin Ladysmith Black Mambazo ní South Africa, náà wà lára orin tí wọ́n jọ kọ. Kì í ṣe pé Simon mọ́ láìlábàwọ́n o. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Los Lobos, ti sọ ọ́ síta pé ó yẹ kí orúkọ àwọn wà bí ẹni tó jọ dá ọ̀kan nínú orin àwo yẹn, kò sì sí. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe. Olówó ni, olókìkí ni, ó kọ orúkọ èèyàn mọ́ tirẹ̀, òkìkí rẹ̀ kò sì dín.

Ẹ lè sọ fún mi pé àwa náà máa ń dárúkọ àwọn ọmọ wa. Òtítọ́ ni. Ta ló gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà tí kò mọ Adéwọlé Oníluọlá tó ń lùlù fún un? Ọ̀gá mi náà máa ń dárúkọ mi. Ó máa ń ní kí n jẹ́ kí ìlù fọhùn, kí wọ́n gbọ́ mi ní Mọ́kọ́lá, kí wọ́n gbọ́ mi ní Dùgbẹ̀. Orí mi máa ń wú. Àwọn èèyàn á wá lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Owó yẹn, ọ̀gá ló ń kó o, ó sì máa ń pín in, kò yan wá jẹ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín orúkọ tí wọ́n pè nínú orin àti orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Èyí tí wọ́n pè nínú orin, oríkì ni. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ni àwọn tó ń pín owó ń wò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òyìnbó kan tún àwo 1983 wa tẹ̀. Wọ́n kàn sí àwọn ọmọ ọ̀gá, wọ́n bá wọn ṣe àdéhùn, wọ́n sanwó. Àwọn ọmọ wá bá mi nílé. Wọ́n mú páálí àtijọ́ dání, wọ́n ní kí n bá wọn dárúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán, pé òyìnbó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tó máa bá àwo rìn. Mo dárúkọ gbogbo wa. Mẹ́sàn-án nínú wa ti kú. Nígbà tí àwo dé, wọ́n mú ẹ̀dà kan wá fún mi, ó rẹwà. Orúkọ mi wà lábẹ́ àwòrán. Nígbà tí mo ṣí ojú ibi tí orúkọ orin wà, ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà ní 1983. Mi ò bínú sí àwọn ọmọ. Kí ni wọ́n mọ̀? Ohun tí bàbá wọn kọ sílẹ̀ ni wọ́n bá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ̀yin lẹ ra ohun èlò, ẹ̀yin lẹ ń sanwó sítúdíò, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá ń mú bí òde bá dàrú, bí àwo kò bá tà, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ gbèsè. Ẹ sì ti san owó òde fún ọmọ ìlù. Gbogbo rẹ̀ lòótọ́. Bí ẹ bá ní ìpín tiyín gbọ́dọ̀ tóbi jù, èmi á gbè yín. Ṣùgbọ́n owó òde, owó ìlù lílù ni. Ọmọ tó lù ú lánàá ti gba owó àná. Ohùn tó dá, tí wọ́n á máa gbọ́ ní ogún ọdún sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí ẹ̀yin ọ̀gá, nítorí ẹ̀yin náà ti jà á rí. Kí ló gbé Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró dé ìdí dídá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn, Star Records, sílẹ̀ ní 1969? Wọ́n ti wò ó pé àwọn ló ń kọrin, ilé-iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Kí ló dé tí Sunny Adé fi bá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde jà dé kóòtù ní àwọn ọdún 1970, tó sì wá dá tirẹ̀ sílẹ̀? Owó iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn, kò sí ọ̀gá olórin tí kò mọ̀ pé ẹni tó ra téèpù kọ́ ló dá orin. Ó yà mí lẹ́nu bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn bó bá ti kúrò níwájú ilé-iṣẹ́, tó kọjú sí onígángan rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá fi ohun kan tàn yín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nìkan kì í yí èèyàn lọ́kàn. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí iṣẹ́ ọpọlọ báyìí, ti ọdún 2022, ó ní ẹ̀tọ́ ẹni tó dá orin á wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló jọ dá a, ikú ẹni tó kẹ́yìn ni wọ́n á fi máa kà á. Ẹ ronú sí i. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá kọ orúkọ ọmọ ìlù ẹni ogún ọdún mọ́ tirẹ̀, ọjọ́ orí ọmọ yẹn ló yá lò fún àwọn ọmọ-ọmọ ara rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju ewé ìwé kan lọ. Ní ìdánrawò tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó wọ sítúdíò, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá jókòó tì búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹnì kan mú bírò. Orin àkọ́kọ́: ta ló mú ọ̀rọ̀ wá, ta ló mú ohùn wá, ibi tí ìlù ti sọ̀rọ̀ tí elégbè gbà á, ta ló sọ ọ́? Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ìpín tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé, kì í ṣe dandan kó dọ́gba. Kí gbogbo yín tọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan yà á sínú fóònù rẹ̀. Wọ́n á jà díẹ̀. Ó sàn kí wọ́n jà nígbà tí búrẹ́dì ṣì wà nílẹ̀. Kí ẹ sì kó orúkọ wọ̀nyẹn fún ẹni tó ń bá yín gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àyè wà fún un nínú fọ́ọ̀mù wọn, fún ẹni tó lùlù, fún ẹni tó gbe orin, fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin lẹ ń fi orúkọ kan ṣoṣo kún gbogbo àyè.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe bíìtì fún àwọn olórin ìgbàlódé ti já a. Ẹ kò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe? Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ ẹni tó ṣe bíìtì, kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Àwọn àgbà máa ń ní fáàrí ni wọ́n ń ṣe. Mo ti wo ìwà yẹn dáadáa, iṣẹ́ onígángan ni.

Nítorí èmi náà ṣe é. Ní 1983 yẹn, ní ìparí ojú kejì, ọ̀gá ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí gángan nìkan fi í parí. Mo wo lẹ́yìn páálí ọkàn mi, mo ti mọ ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Mo bá fi ìlù sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Ọmọ Àyàn ló lù ú." Iná pupa kú. Ọ̀gá jáde nínú yàrá gíláàsì, ó dì mọ́ mi, omi wà lójú rẹ̀. Ó ti máa ń wù ú ká máa fi ìlù kì í ní Ọba Àrà. Ó ní òun gbọ́ ohun tí mo fi parí àwo fún òun, pé òun ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé: "Ọba Àrà ló gbà á."

Ohùn méjèèjì dọ́gba. Ẹ lù ú wò.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àyàn kan, Ìbàdàn